Ìbéèrè Kọkàndínlógún

Nígbà tí Sonmati gbọ́ ohùn ọkọ rẹ̀ kẹ́yìn, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà nínú ìyẹ̀fun. Litti, búrẹ́dì róbótó tí wọ́n ń yan, ló ń mọ, ó ń di sattu, ẹ̀wà yíyan tí wọ́n lọ̀, sínú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó fi èjìká há fóònù mọ́ etí, ọrùn rẹ̀ wọ́ sápá kan bí ọrùn adìẹ tó ń wo àwòdì. Ọkọ rẹ̀ ń pariwo láti inú ọkọ̀ ojú irin tó ń gbé e lọ sí Patna, ariwo rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ borí ti ọkọ̀ náà.

"Ìyá Kusum! Ṣé ò ń gbọ́ mi? Mo ti rí èyí tó máa dá ọ dúró!"

"Ojoojúmọ́ lo máa ń rí i."

"Tòní yàtọ̀. Fetí sílẹ̀ dáadáa. K, I, T, E jẹ́ mẹ́tàlélọ́gọ́ta. Ó dáa. L, A, M, P ńkọ́?"

"Èmi ni pátákó ìkọ̀wé rẹ, àbí? Ìyẹ̀fun dé ìgbọ̀nwọ́ mi níbí! Máa bọ̀ wá jẹun. Kí o tó fọwọ́ tán, mo ti fọ́ ọ dànù."

Ó rẹ́rìn-ín. Imú ni ẹ̀rín rẹ̀ ti máa ń bẹ̀rẹ̀ kó tó wá dé ẹnu. "Òní lo máa mọ ọkọ rẹ," ó ní. Ọkọ̀ gun afárá Koilwar, ọ̀rọ̀ já sórí odò Son.

Ó dé Patna, ó fi ìwé lé atẹ̀wé lọ́wọ́, ó padà sí ibùdókọ̀, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì pẹ̀lú báàgì lórí itan, kò sì dìde mọ́. Àwọn tó jókòó tì í rò pé ó ń tòògbé ni. Ẹnìkan tilẹ̀ bá a lé eṣinṣin. Ọkàn ló dáṣẹ́ sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni dókítà wí. Ọ̀rọ̀ náà kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, a kò sì ní fi ẹkún gùn ún, nítorí ọkùnrin náà fúnra rẹ̀ kì í fẹ́ kí nǹkan gùn.

Bisheshwar Sah lorúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ìyàwó rẹ̀ kò fẹnu ara rẹ̀ pe orúkọ yẹn rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti so wọ́n pọ̀. Obìnrin wo ló ń pe orúkọ ọkọ? Bàbá Kusum ló ń pè é, nítorí Kusum ni ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, òun náà sì ti wà nílé ọkọ ní Dhanbad. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè é ní Tíṣà.

Nígbà èwe rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án ló ṣe ìdánwò iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin. Ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án náà ni máàkì kan tàbí méjì ṣẹ́kù kó wọlé, títí ọjọ́ orí rẹ̀ fi kọjá iye tí ìjọba ń gbà. Ẹlòmíràn ìbá ti lọ máa ta iyọ̀. Òun gun orí òrùlé ilé bàbá rẹ̀ ní ìlú Ara, ó ta tapólì, ó tẹ́ ẹní, ó ní bí ọkọ̀ ojú irin kò bá fẹ́ òun, òun á máa kó èèyàn ránṣẹ́ sí i. Ó sì kó wọn ránṣẹ́ lóòótọ́. Nígbà tó fi máa kú, kò sí ibùdókọ̀ láti Buxar dé Patna tí kò ti ní akẹ́kọ̀ọ́ kan nídìí fèrèsé tíkẹ́ẹ̀tì, tí yóò fi èrò sílẹ̀ lórí ìlà, tí yóò sáré lọ ra tíì fún un. Èrò á máa bú. Tíṣà á máa mu tíì.

Ìbéèrè làákàyè ló ń kọ́ wọn. Nínú ìdánwò ìjọba, irú ìbéèrè kan wà tí wọ́n á fi lẹ́tà mélòó kan hàn ọ́, wọ́n á ní iye báyìí ni, wọ́n á wá fi òmíràn hàn ọ́ pé kí ìwọ sọ tirẹ̀. Wọn kò ní sọ ọ̀nà tí wọ́n gbà fún ọ. Ìwọ lo máa wá a rí, ìṣẹ́jú kan kò sì ní pé tí wọ́n fi máa gba ìwé lọ́wọ́ rẹ. Ibẹ̀ ni Bàbá Kusum ti jẹ́ ọ̀gá. Gbogbo ọjọ́ Àìkú, ó ń gbé ìwé ìdánwò tuntun jáde, ìbéèrè mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi ń kọ ọ́ kó tó gbé e lọ sí ilé ìtẹ̀wé ní Patna. Kò pa ọjọ́ Àìkú kan jẹ fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Ìwé ẹgbẹ̀jọ ó lé méjìlá ló kọ. Lórí ògiri iwájú ilé, ó fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ fàlàlà pé: LÁTI 1993, ÌBÉÈRÈ TÍ KÒ NÍ ÌDÁHÙN KÒ JÁDE NÍHÌN-ÍN RÍ.

Ohun tí ògiri náà kò sọ ni pé ọ̀dọ̀ Sonmati ni ìbéèrè kọ̀ọ̀kan ti ń gba ìwé ìrìnnà.

Kíláàsì kẹta ni Sonmati ti fi ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀. Bí o bá kọ orúkọ rẹ̀ ní lẹ́tà òyìnbó, kò ní mọ̀ pé òun ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìgbéyàwó wọn ṣì tutù, bó bá ń ṣa òkúta inú ìrẹsì, ọkọ rẹ̀ á jókòó tì í, á ní, "Wò ó, àdúgbò kan ni. Ojúlé mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló wà níbẹ̀. A ló ni ojúlé kìíní, Z ló ni ti ìkẹyìn." Bó ṣe mọ̀ ọ́n nìyẹn, bí èèyàn ṣe ń mọ ilé àwọn ará àdúgbò. E ló wà ní ojúlé karùn-ún, J ní ẹ̀kẹwàá, O ní ẹ̀kẹẹ̀ẹ́dógún, T ní ogún, Y ní ẹ̀kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ Ara ló ń ka márùn-ún yìí mọ́ra wọn, ẹ́jótì, ẹ́jótì, bí ẹni ń kàdúrà, torí bí o bá ti mọ àwọn yẹn, wàá bá ọ̀nà ilé àwọn yòókù.

Ilé tó kọjú síra wọn tún wà. Mẹ́tàlá wà lápá ìhín, mẹ́tàlá wà lápá ọ̀hún. A kọjú sí Z, B kọjú sí Y. Bí o bá ro ojúlé àwọn méjì tó kọjú síra pọ̀, mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni, kì í yẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá ń wá ilé tó wà níwájú, inú mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ló ti máa yọ ọ́. Àwọn ẹni tuntun ni kì í gbọ́. Wọ́n á ní ṣebí ilé mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló wà, wọ́n á yọ ọ́ nínú mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, ẹsẹ̀ wọn á sì wọ ilé ẹlòmíràn. Bàbá Kusum kò ní ohun tó dùn mọ́ ọn tó o. Á lu tábìlì, á ní, "O ti wọ ilé onílé! Jáde! Kí ni o fẹ́ sọ fún ìyàwó onílé báyìí?" Gbogbo òrùlé á bú sẹ́rìn-ín, ẹni tó ṣe é á dìde, á fẹnu ara rẹ̀ sọ ibi tó ti ṣìnà, á tó jókòó.

Kò sí ìbéèrè tó lọ sí Patna láìjẹ́ pé Sonmati ti fọ́ ọ. Bó bá rí ìdáhùn kan ṣoṣo, ọkọ rẹ̀ á sàmì ṣóńṣó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bó bá rí méjì, á ní, "Bàbá Kusum, ilẹ̀kùn méjì ni ilé yìí ní o," ọkọ rẹ̀ á fa ìwé ya. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀. Bí ìdánwò bá le, ìyá tó ń ṣa ìrẹsì nísàlẹ̀ ni wọ́n ń bẹ̀: "Màmá, ẹ ṣàánú wa lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀!"

"Ẹ lọ kàwé," á ní.

Ó di ọjọ́ kẹwàá tí Bàbá Kusum kú, ẹrù ìwé dé láti Patna. Ìdánwò 1612 ni. Wọ́n tì í sí igun títí wọ́n fi ṣe gbogbo ètùtù ọjọ́ kẹtàlá tán. Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ gun òrùlé, wọ́n gbé òdòdó pupa rúsúrúsú sórí àga Tíṣà, wọ́n sì jókòó kọ ìdánwò bí ẹni pé ó ń wò wọ́n.

Nirjala ló bá wọn yẹ̀ ẹ́ wò. Ọmọ aránṣọ kan ni, ọdún mẹ́rìnlélógún, ẹnu rẹ̀ mú ju àlùmọ́gàjí bàbá rẹ̀ lọ. Òun ló gbọ́n jù nínú wọn, kò sì fi pa mọ́. Mẹ́rìnlélógún nínú àwọn ìbéèrè náà bọ́ sójú ọ̀nà. Ẹyọ kan kọ̀. Ó sọ̀ kalẹ̀ wá bá Sonmati ní ìdí omi.

"Màmá, ẹ bá mi wo kọkàndínlógún yìí. KITE jẹ́ mẹ́tàlélọ́gọ́ta. LAMP ńkọ́?"

Ọwọ́ Sonmati dúró lórí ìkòkò. Ó mọ ohùn tó kọ́kọ́ bi í ní ìbéèrè yẹn. Ó bu omi sójú kó tó dáhùn.

"Ilé tó kọjú sí wọn ló ń wá. K, ẹni iwájú rẹ̀ wà ní ojúlé mẹ́rìndínlógún. I, méjìdínlógún. T, méje. E, méjìlélógún. Rò wọ́n pọ̀, mẹ́tàlélọ́gọ́ta. Ó tọ́. LAMP wá jẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, mẹ́rìnlá, mọ́kànlá. Mẹ́rìndínláàádọ́rin."

"Ohun témi náà rí nìyẹn. Ṣùgbọ́n ìdáhùn mẹ́rin tí wọ́n ní ká ti mú ọ̀kan ni ọgọ́ta, méjìlélọ́gọ́ta, mẹ́rìnlélọ́gọ́ta àti méjìdínláàádọ́rin."

"Tún un kà."

Ó tún un kà. Mẹ́rìndínláàádọ́rin kò sí níbẹ̀.

Kí oòrùn tó wọ̀, ọ̀rọ̀ ti dé orí fóònù gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ Ara. Tíṣà Pankaj ló gbé e síbẹ̀. Pankaj yìí ló ni ilé ẹ̀kọ́ ńlá tó wà ní òdìkejì òpópónà, tí afẹ́fẹ́ tútù ń fẹ́ nínú rẹ̀, tí àwòrán ara rẹ̀ sì wà lára pátákó níta, tó fi eyín hàn, tí eyín kan ṣoṣo nínú rẹ̀ tóbi ju ilẹ̀kùn lọ. Orí ẹní Bàbá Kusum lòun náà ti kẹ́kọ̀ọ́. Ó kọ ọ́ pé: "Ìbéèrè kọkàndínlógún nínú ìdánwò 1612 kò ní ìdáhùn. Ọlọ́run tẹ́ olóògbé sáfẹ́fẹ́ rere, ṣùgbọ́n àṣìṣe, àṣìṣe ni. Ẹ máa bọ̀ lọ́dọ̀ wa. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ọ̀fẹ́ ni."

Orí òrùlé gbóná.

"Ìdáhùn wà ńbẹ̀!" Chhotelal ló ń sọ̀rọ̀. Ọkùnrin yìí ti ń ṣe ìdánwò láti ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn, irun iwájú rẹ̀ ti ń dágbére. "Èmi mú méjìlélọ́gọ́ta. Bí ẹ bá yọ márùndínláàádọ́ta nínú mẹ́tàlélọ́gọ́ta, kí ẹ dá a sí méjì, kí ẹ wá yí i po..."

"Yí orí rẹ po ná," Nirjala ní. "Ọdún mẹ́jọ, ọ̀nà ẹ̀yìn ilé nìkan lo ṣì mọ̀."

"Aránṣọ, fi mí sílẹ̀ o."

"Atẹ̀wé ló ṣe é!" ẹnìkan ké láti ẹ̀yìn. "Tíṣà kọ ọ́ dáadáa, atẹ̀wé ló tẹ òmíràn!"

Ọ̀rọ̀ yìí tu gbogbo wọn lára. Atẹ̀wé! Ta ni ìbá tún jẹ́? Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n láìsí ẹyọ kan, kó wá jẹ́ èyí tó kẹ́yìn, tí ẹnu ọkùnrin náà ti dákẹ́, ni yóò bà á jẹ́? Wọ́n yíjú sí Sonmati tó dúró lórí àkàsọ̀, kó sọ pé bẹ́ẹ̀ ni.

Ó wu òun náà kó sọ bẹ́ẹ̀. Orúkọ tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ kò ju ohun tó wà lára ògiri yẹn lọ. Kò kọ́lé, kò ra mọ́tò. Bí ògiri bá di irọ́, kí ló kù?

"Ìwé tó fọwọ́ kọ wà lọ́wọ́ atẹ̀wé," ó ní. "Màá lọ wò ó."

Àbúrò ọkọ rẹ̀ obìnrin, tó ṣì wà nílé nítorí ọ̀fọ̀, gbọ́wọ́ lé orí. "Opó tí kò tíì pé oṣù kan! O fẹ́ wọ ọkọ̀ lọ sí Patna? Kí làwọn ará ilé máa wí?"

"Ohun tí wọ́n bá ń wí, ẹ bá mi tọ́jú rẹ̀. Màá gbọ́ bí mo bá dé."

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, òun àti Nirjala wọ ọkọ̀. Aṣọ funfun opó ló wà lára rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì fúyẹ́ láìsí ẹ̀gbà onígíláàsì tó ti ń dún lára rẹ̀ láti ìgbà ọmọdé; ó máa ń gbé ọwọ́ náà sókè láti mọ̀ bóyá ó ṣì jẹ́ tòun. Akọ̀wé tíkẹ́ẹ̀tì rí i, ó bọ́ síta láti ìdí fèrèsé, ó dọ̀bálẹ̀ kan ẹsẹ̀ rẹ̀. Èrò ń bú. Bí wọ́n ti gun afárá Koilwar, Sonmati wo omi títí tó fi tán lójú fèrèsé.

Moinuddin atẹ̀wé ti darúgbó, àwọ̀ dúdú ìtẹ̀wé kò sì lè kúrò nínú èékánná rẹ̀ mọ́. Nígbà tó rí Sonmati lẹ́nu ọ̀nà, ó pa ẹ̀rọ.

"Ìyàwó wa! Ẹ̀yin fúnra yín? Ẹ̀ bá ti ránṣẹ́ sí mi."

"Ẹ ṣeun. Ìwé ìkẹyìn ni mo wá wò."

Kò bèèrè ìdí. Ó lọ sẹ́yìn, ó mú ìwé jáde láti inú ike. Bébà kan náà tí Bàbá Kusum máa ń lò ni, ìkọ̀wé rẹ̀ kékeré, tó dúró ṣánṣán bí èrò lórí ìlà. Sonmati kò lè ka ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, ṣùgbọ́n iye ni kò sí ẹni tó lè fi tàn án jẹ. Ó rí àmì ṣóńṣó ní ẹ̀gbẹ́ ìbéèrè kọ̀ọ̀kan, mẹ́rìnlélógún. Ẹ̀gbẹ́ kọkàndínlógún ló ṣófo. Ọkọ rẹ̀ ti fi àyè sílẹ̀ de òun.

Nínú àlàfo etí ìwé ni iṣẹ́ tó ṣe wà. Ti KITE kọ́kọ́ wà, ó mọ́ kedere: mẹ́rìndínlógún, méjìdínlógún, méje, méjìlélógún. Lábẹ́ rẹ̀ ni ti LAMP, ìkọ̀wé náà gbọ̀n díẹ̀ nítorí ọkọ̀: mẹ́rìnlá, mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, mẹ́tàlá, mẹ́wàá. Ó rò wọ́n pọ̀, ó jẹ́ méjìlélọ́gọ́ta, ó sì yí òbíríkítí mọ́ ọn.

Nirjala ti rí i. Ó ń wo ilẹ̀.

Sonmati fi ìka tẹ̀ lé ìlà náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó tún padà. Èjìká rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Moinuddin sáré gbé àga, ó rò pé ẹkún ni.

"Ó wọ ilé onílé!" Sonmati ní, ẹ̀rín gbà á lẹ́nu. "Ẹ wò ó! Inú mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló ti yọ ọ́! Bàbá Kusum, òun alára, ó wọ ilé onílé!" Ó rẹ́rìn-ín títí omijé fi dà, kò sì sí ẹni tó lè sọ ibi tí ọ̀kan parí sí tí èkejì ti bẹ̀rẹ̀. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé ọkùnrin náà wálé, ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹ̀rín pa á nìyẹn.

Moinuddin dúró dìgbà tó nu ojú. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ìyàwó wa, ẹ sọ pé èmi ni."

"Ẹ̀yin kẹ̀?"

"Kí ló máa ṣe mí? Mo ti tẹ orúkọ ọkọ ìyàwó kan sórí káàdì ìgbéyàwó ẹlòmíràn rí, ẹgbẹ̀ta káàdì, wọn kò pa mí. Ẹ ní Moinuddin ti darúgbó, kò ríran mọ́. Ẹ fi ìwé yìí sílẹ̀ níbí, màá fi dáná tíì. Ọ̀rẹ́ mi ni. Ẹ jẹ́ kí n bá a gbé e."

Sonmati wo ojú rẹ̀ pẹ́. Lẹ́yìn náà ó ká ìwé náà, ó tì í sínú aṣọ láyà, ó dúpẹ́, wọ́n sì mu tíì tí wọ́n fi igi dáná rẹ̀.

Nínú ọkọ̀ tí wọ́n ń bá padà, Nirjala ra ẹ̀pà, ó sì ń pa á fún un. "Màmá, bàbá yẹn kò sọ ohun tó burú. Èmi kò rí nǹkan kan. Ojú mi ń dùn mí láti àárọ̀."

"Ó ń dùn ọ́?"

"Gan-an ni."

Sonmati jẹ ẹ̀pà. Ó ń ro ohun tí ìbá ṣẹlẹ̀ ká ní ó nu ọwọ́ ìyẹ̀fun lára ìró lọ́jọ́ yẹn, kó ní, "Ó dáa, kà á." Kì bá gbà ju ìmí mélòó kan lọ. Ìbá sọ pé, "Mẹ́rìndínláàádọ́rin," ọkọ rẹ̀ ìbá sọ pé, "Irọ́, méjìlélọ́gọ́ta," òun ìbá wá bi í pé, "Bàbá Kusum, ilé ta lo wọ̀ yẹn?" Wọn ìbá fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí dé Dhanbad. Gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ tó wọ ilé onílé lórí òrùlé yẹn ló dìde fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Ọkùnrin tó ń mú wọn dìde kò lè dìde mọ́. Ẹlòmíràn ló máa bá a dìde, kì í sì í ṣe atẹ̀wé.

Lọ́jọ́ Àìkú, òrùlé kún débi pé wọ́n jókòó sórí àkàsọ̀. Pankaj pàápàá wá. Ó dúró sí ẹ̀gbẹ́ táńkì omi pẹ̀lú awò dúdú lójú. Sonmati kò bá irú èrò bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀ rí. Ó fi etí aṣọ bo orí dáadáa, ó sì fa ìwé náà yọ.

"Atẹ̀wé kò ṣe nǹkan kan," ó ní. "Tíṣà yín ló ṣi í. Ó ṣe KITE, ó gbà á. Ó pè mí, mo ní mi ò ráyè. Ó wá ṣe LAMP láàárín ariwo, ó yọ ọ́ nínú mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Ó wọ ilé onílé. Ìwé rẹ̀ rèé, ẹ gbé e yí ká, kí kálukú fojú ara rẹ̀ rí i. Gbogbo yín lẹ gba máàkì kọkàndínlógún."

Ìwé náà ń lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́. Chhotelal wá gbọ́wọ́ sókè.

"Màmá, èmi tí mo kọ méjìlélọ́gọ́ta gan-an ńkọ́? Ohun tí Tíṣà ní lọ́kàn ni mo kọ. Kò yẹ kí tèmi lé díẹ̀?"

"Ìwọ? Ilé kan náà lẹ jọ wọ̀. Lọ bẹ onílé."

Ẹ̀rín bú, àwọn ẹyẹlé fò kúrò lára wáyà. Ara wọn wá rọ̀. Ọmọbìnrin kan lápá iwájú ń rẹ́rìn-ín, ó sì ń fi ìborùn nu ojú.

Pankaj ti bọ́ awò ojú rẹ̀. Ó là wọ́n kọjá, ó bẹ̀rẹ̀ kan ẹsẹ̀ Sonmati. "Màmá, ẹ má bínú. Màá pa ohun tí mo kọ rẹ́."

"Má pa á rẹ́. Òótọ́ lo kọ. Tíṣà rẹ kọ́ ọ dáadáa." Ó gbé e dìde. "Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ọ̀fẹ́ yẹn ni kó o pa rẹ́."

Kódà Pankaj rẹ́rìn-ín. Nígbà tí oòrùn kan àtàrí, wọ́n ti rí ọ̀dà pupa rà, Chhotelal ti gun àkàbà, wọ́n sì fi kún ti ògiri: ÀFI Ẹ̀Ẹ̀KAN. Ó kọ ọ́ wọ́, ṣùgbọ́n ó ṣeé kà láti òpin òpópónà.

Láti ìgbà yẹn, Nirjala ló ń kọ ìdánwò ọjọ́ Àìkú. Ó ń wá jókòó ti Sonmati lówùúrọ̀, ó ń kà á, Sonmati ń fọ́ ọ, ó sì ń bá a jà bó bá fi ilẹ̀kùn méjì sí ilé kan. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kò dín. Wọ́n ní òrùlé yẹn ni ibi kan ṣoṣo tí wọ́n ti ń fi àṣìṣe ọ̀gá hàn èèyàn.

1612 ló kù. Wọ́n tún un tẹ̀ fún àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn, Moinuddin sì ní òun kò ní lè fi ìbéèrè tí kò ní ìdáhùn sí i mọ́, kí wọ́n fún òun ní òmíràn. Nirjala ní kí Sonmati fúnra rẹ̀ ṣe é. Ó mú ọ̀rọ̀ wá fún un, BOAT, RAIN, COMB. Kí ọmọbìnrin náà tó panu dé, Sonmati ti sọ iye wọn, ó ti sọ ti ẹni iwájú wọn, ó ní wọn kò dára tó. Ó mú mẹ́wàá mìíràn wá. Sonmati ní wọn kò dára tó. Wọ́n fi bébà funfun bo ojú ibẹ̀, Moinuddin tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìbéèrè mẹ́rìnlélógún ló wà nínú ìdánwò náà. Wọn kò tíì fi nǹkan kan rọ́pò kọkàndínlógún.